Ìyá Ọlọ́bẹ Tó Sọ Àdá Di Ọ̀bẹ

Nígbà tí a sin ìyá bàbá mi tán, tí àwọn àlejò ti wọkọ̀ lọ, àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ jókòó sórí pákó iwájú ilé, a ṣí àpótí rẹ̀. Aṣọ kò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀bẹ ló kún un: ọ̀bẹ ẹja, ọ̀bẹ okùn, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la koríko ẹní, àti àdá ìgbà èwe rẹ̀ kan tí wọ́n ti pọ́n títí tí kò fi ju ọ̀bẹ lọ mọ́. Láàárín omi iyọ̀ àti ẹrẹ̀ ni ìlú wa wà. Orí òpó ni ilé wa dúró sí, atẹ́gùn òkun kì í sì í fi wá sílẹ̀. Ìṣó tí a bá kàn lónìí, kò ní í pẹ́ tí yóò fi pupa. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bẹ náà tó dípẹtà. Àbúrò bàbá mi, Bọ̀dá Akin, mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, ó rọra dá a padà. Ó ní, "Ìyá kú tán, ọ̀bẹ wọn ṣì wà láàyè." A bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹkún gbà wá.

N kò ní í lè kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tán. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ohun tí mo mọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀, ìjà rẹ̀, àti ohun kan tó ṣe nígbà ìjà inú odò.

Ọ̀bẹ ló ń tà. Yóò kó wọn sínú ọkọ̀ pákó kékeré, yóò fi aṣọ bò wọ́n, yóò wà á lọ sí Zion Pepe, lọ sí Mahintedo, nígbà mìíràn dé Oríòkè-Ìwàmímọ́. Ìyá Ọlọ́bẹ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ní ọdún kan, wọ́n gbé tísà tuntun kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa láti ìlú òkè. Ọkùnrin náà kò tíì mọ ènìyàn, ebi sì ń pa á. Ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń pariwo pé, "Ìyá Ọlọ́bẹ ti dé o!" Ó sáré jáde tòun ti àwo lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ lórí afárá pákó.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Irú ọbẹ̀ wo lẹ gbé wá lónìí?"

Ìyá àgbà wo àwo, ó wo tísà. Ó ká aṣọ orí ọ̀bẹ sókè, irin ń kọ mànà.

Ó ní, "Èyí tó mú ni."

Tísà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò jẹ́ kó padà sílé bẹ́ẹ̀. Ó mú un wá sílé wa, ó bu púpurú àti ọbẹ̀ ẹja yíyan fún un. Láti ọjọ́ náà ni tísà ti ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, títí wọ́n fi gbé e lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí ìyá mi béèrè ìdí tó fi sọ àlejò di ọmọ ilé, ó ní, "Ẹni tó bá gbé àwo wá bá mi, n kì í jẹ́ kó gbé e padà lófìfo."

Kò sí ẹni tó lè kàn mú ọ̀bẹ nínú ọkọ̀ rẹ̀ kó máa lọ. Yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé, "Kí lo fẹ́ gé?" Bí o bá dáhùn, yóò tún bi ọ́ pé, "Ibo lo máa ń fi ọ̀bẹ sí bí o bá gé nǹkan tán?" Ìdáhùn kejì yìí ló máa fi ń yan irin fún ènìyàn.

Irin méjì ló ń tà. Àkọ́kọ́ ni irin dúdú, èyí tí alágbẹ̀dẹ ń rọ láti ara sípíríǹgì ọkọ̀ ilẹ̀ tó ti bàjẹ́. Irin yìí máa ń mú bí abẹ, òkúta lásán sì tó láti pọ́n ọn. Bí o bá fi gé igi, kò ní í ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ni atẹ́gùn òkun. Gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ mọ́jú, yóò pupa kí o tó jí. Ìkejì ni irin funfun tí àwọn ará ìgboro ń pè ní sítéńlẹ́ẹ̀sì. Omi iyọ̀ kì í tètè rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ rọ̀, bí o bá pọ́n ọn láàárọ̀, kò ní í mú mọ́ kó tó di ọ̀sán. Èyí tó dára gan-an nínú rẹ̀ sì le débi pé òkúta á máa yọ̀ lára rẹ̀, àfi kéèyàn ní sùúrù.

Nítorí náà, apẹja tó ń sùn sójú òkun, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ, tó sì lè ní láti gé okùn àwọ̀n lójijì, irin funfun ló máa ń fún un, yóò sì so okùn mọ́ èèkù rẹ̀ kó má baà bọ́ sómi. Àwọn obìnrin tó ń la ẹja níbi ààrò, irin funfun náà ni, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹja àti iyọ̀. Ẹni tó ń gé ògùrọ̀, tàbí igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi iyọ̀, irin dúdú tó nípọn ni tirẹ̀. Ẹni tó ń la koríko ẹní, irin dúdú tó fẹ́lẹ́. Gbogbo ẹni tó bá sì ra irin dúdú gbọ́dọ̀ ṣèlérí fún un pé òun yóò máa nù ún gbẹ, pé òun yóò sì máa fi àdín pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára.

Ó ní ọ̀nà tó ń gbà dán irin funfun wò. Yóò rẹ aṣọ sínú omi òkun, yóò fi wé ọ̀bẹ, yóò so ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé títí di ọjọ́ ọjà. Bí àmì pupa bá yọ lára rẹ̀, ó di dandan kí oníṣòwò tó kó o wá gbà á padà. Oníṣòwò kan bínú sí i lọ́jọ́ kan. Ó yọ òòfà láti inú àpò, ó fi kan ọ̀bẹ, òòfà kò gbé e.

Ó ní, "Ìyá, ẹ wò ó fúnra yín. Irin funfun tí òòfà kò bá gbé ni ògidì."

Ìyá àgbà ní, "Ògidì ṣíbí ni. Kò ní í dípẹtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní í mú ju ṣíbí lọ." Ó tì í padà sí i. "Òòfà kì í la ẹja, ọmọ mi."

Òun àti bàbá àgbà pàápàá ti bá ara wọn jà nítorí ọ̀bẹ. Bàbá àgbà ní àkọ̀ aláwọ kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú wá fún un láti òkè ọya. Ó rẹwà gan-an. Bàbá àgbà máa ń so ó mọ́ ìdí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò jẹ́ kó mú un wọlé, yóò fi í há ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe máa fi ọ̀bẹ irin dúdú sùn nínú awọ nígbà òjò. Bàbá àgbà ní àwọn ọkùnrin ló mọ̀ nípa àkọ̀. Nígbà tí òjò dá díẹ̀, ó fẹ́ fi ọ̀bẹ gé okùn, ọ̀bẹ kò jáde. Ó fà á, kò jáde. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti àkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa èèkù. Ọ̀bẹ já jáde, bàbá àgbà fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ìpẹtà pupa sì dà sí i láṣọ. Ìyá àgbà mú ọ̀bẹ náà, ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, ó pa á ní àdín, ó fi aṣọ gbígbẹ wé e, ó gbé e lé orí ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ lé e: "Awọ máa ń mumi, kì í sì í tètè gbàgbé ohun tó mu."

Ẹnu rẹ̀ mú, n kò ní í purọ́. Mo rántí apẹja kan tó nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀bẹ dúdú kan tí èèkù rẹ̀ dára, tí ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní í tà á fún un. Ó ní, "Ìwọ tí omi ń kún ọkọ̀ rẹ tí o kì í gbọ́n ọn, o fẹ́ ra irin dúdú?" Ọkùnrin náà fi ìbínú wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó ń sọ̀rọ̀ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Kò pẹ́ púpọ̀, ó padà wá, ó fi sùúrù gba irin funfun. Nígbà tó lọ tán, mo ní ṣé kò yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó ra ohun tó wù ú. Ìyá àgbà mi orí. "Tọ́pẹ́, ìwà ẹni ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o tó yan irin fún un."

Òun ló kọ́ mi ní pípọ́n ọ̀bẹ. "Ọghọ́ rẹ dà?" yóò wí bẹ́ẹ̀, nítorí ọghọ́ ni àwa ń pe ọwọ́. Yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi, a ó jọ máa fi ọ̀bẹ lọ, a ó máa fi bọ̀ lórí òkúta tútù. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, mo fẹ́ kó tètè mú kí n lè lọ ṣeré. Yóò dá ọwọ́ mi dúró. "Ẹni tó bá ń kánjú pọ́n ọ̀bẹ, ara rẹ̀ ló ń pọ́n."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ràn jù kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Màmá Ẹlẹ́ní ni wọ́n ń pè é, ará ìhà kejì odò ni, èdè tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ẹní ló ń hun, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló sì ti ń gba ọ̀bẹ tó fi ń la koríko láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní wúńdíá. Bí wọ́n bá pàdé lójú omi, wọn yóò so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, wọn yóò jẹun, wọn yóò sọ̀rọ̀ àwọn ọkọ wọn ní èdè méjì títí omi yóò fi gbé wọn lọ síbi tí wọn kò fẹ́ lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama ni nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ará ìhà kejì. Bí ẹnu ṣe pọ̀ tó ni ìtàn ohun tó fà á ṣe pọ̀ tó. Àwọn kan ní ààlà odò ni, àwọn kan ní ilẹ̀ tí epo wà ni. Ohun tí èmi fojú rí ni èéfín. Wọ́n jó ilé lọ́dọ̀ wa, wọ́n jó ilé lọ́dọ̀ wọn. Ọjà tú. Kò sí ẹni tó ń sọdá mọ́. Àwọn tí ilé wọn jó ní àwọn abúlé etí òkun wá kún ìlú wa, wọ́n ń sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú kíláàsì, òjò sì ń pa àwọn tí kò ráyè wọlé. Wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi gé ewé ògùrọ̀ láti fi ṣe òrùlé, nítorí inú iná ni wọ́n ti sáré jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bọ̀dá Akin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé wa. Àpótí àdá tí ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wà ní ìyẹ̀wù, irin dúdú tó nípọn, ẹnu rẹ̀ gùn. Ìyá àgbà rí wọn, ó mọ ohun tí wọ́n bá wá. Ó dìde, ó lọ jókòó sórí àpótí náà.

Bọ̀dá Akin ní, "Ìyá, àdá la wá gbà."

"Kí lẹ fẹ́ gé?"

Ọ̀kan nínú wọn wolẹ̀.

Bọ̀dá Akin ní, "Ẹ mọ̀ pé wọ́n pa Fẹ́mi." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtikékeré ni Fẹ́mi. "Wọ́n ní ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í béèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ọwọ́ tiwa ti tẹ̀ ẹ́, ìyá. Ẹ dìde."

"Mo sunkún Fẹ́mi títí ojú mi fi wú," ìyá àgbà ní. "Ilé yìí ló ti ń jẹun. Bí àdá bá lè jí i, n ó kó gbogbo rẹ̀ fún ọ nísinsìnyí. Ta ló wà lọ́hùn-ún tí kì í ṣe àna ẹnì kan níbí? Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́."

"Bí a bá fi agbára kó o ńkọ́?"

"Ẹ ó gbé èmi àti àpótí lọ pọ̀ nìyẹn. Ẹ ó sì ru mí dé ojú ìjà, torí n kò ní í sọ̀kalẹ̀."

Bọ̀dá Akin wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà wò ó. Níkẹyìn, ó yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà ṣì jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ó di èjìká mi mú dìde. Ó ní, "Wọ́n máa padà wá. Àpótí yìí kò gbọ́dọ̀ ní àdá nínú nígbà tí wọ́n bá dé."

Mo rò pé ó fẹ́ kó wọn dà sómi ni. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú. "Irin tó dára báyìí? Kí n fún ẹrẹ̀ jẹ?"

A gbé àpótí náà lọ bá alágbẹ̀dẹ. Àgbà ọkùnrin ni, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ní kó gé gbogbo àdá náà sí méjì méjì. Alágbẹ̀dẹ ká ọwọ́ lérí. Òun ló ṣe wọ́n, ó sì mọ bí wọ́n ti gba òun lágbára tó.

Ó ní, "Ìyá Ọlọ́bẹ, ẹ̀yin lẹ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò ní í fi iná gé wọn o. Bí iná bá tún wọ̀ wọ́n, líle tí mo fún wọn á lọ."

Ìyá àgbà ní, "Ìyẹn ni mo ṣe wá bá ọ."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alágbẹ̀dẹ á fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin fá ìlà yí àdá ká, á fi ẹ̀mú dì í mú, á fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan, á sì ṣẹ́ pàá. Èmi àti àwọn obìnrin kan tí ilé wọn jó ń lọ ẹnu àwọn tó ṣẹ́ lórí òkúta, a ń da omi sí i kó má gbóná. Apá ìdí tó ní èèkù di ọ̀bẹ kúkúrú fún gígé ewé ògùrọ̀ àti okùn. Apá iwájú ni alágbẹ̀dẹ ń fi igi há, tí a ń fi okùn àwọ̀n dì, tó di ọ̀bẹ ẹja àti ọ̀bẹ koríko. Nígbà tí Bọ̀dá Akin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa wá wa kàn, kò sí àdá kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo àwọn ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó tò sórí ẹní. Obìnrin kan tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ na ọ̀kan sí Bọ̀dá Akin, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ẹ bá mi gé ewé tí n ó fi bo ọmọ yìí." Kí ni yóò wí? Ó gbà á. Ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé ògùrọ̀, inú ń bí wọn, wọ́n ń gé e síbẹ̀síbẹ̀, òrùlé sì ń dìde. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí Bọ̀dá Akin ti bímọ, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa níbi ìkómọ pé, "Ìyá mi gé irin mi kúrú kí ẹ̀mí mi lè gùn."

Kò tíì parí. Ìyá àgbà ya àwọn ọ̀bẹ koríko àti díẹ̀ nínú ti ẹja sọ́tọ̀, ó ní òun ń gbé wọn lọ sí ìhà kejì. Ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú rú. Wọ́n ní ó ti ya wèrè, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Bàbá àgbà, tí kì í bá a jiyàn mọ́ láti ọjọ́ àkọ̀ aláwọ, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Wọ́n á pa ọ́."

Ó ní, "Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń sùn sínú òjò bí àwọn tí ń sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí wọ́n bá pa mí, ẹ mọ̀ pé ọ̀bẹ ni mo lọ tà, kì í ṣe ìjà."

Èmi ló bá a wa ọkọ̀. Kò pè mí. Mo ti wọ inú ọkọ̀ kó tó dé, mo ti mú àjẹ̀. Ó wò mí títí, ó sì wọ ọkọ̀. Oòrùn ti yọ dáadáa, torí ó fẹ́ kí gbogbo ojú rí wa. Ní ẹnu odò, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìhà kejì ti fi ìtì igi dí ọ̀nà, ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Mo dá àjẹ̀ dúró. Ìyá àgbà gbé ohùn sókè, ó kí wọn ní èdè wọn, ó ṣì í sọ bó ṣe máa ń ṣì í sọ fún Màmá Ẹlẹ́ní. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀, ó sì yára pa ẹ̀rín náà mọ́.

Èyí tó jọ olórí wọn fa ọkọ̀ wa mọ́ra. Ó ká aṣọ, ó mú ọ̀bẹ kan, ó fi ìka tẹ̀ lé ibi tí irin ti ṣẹ́.

Ó béèrè ní èdè wa, "Kí ni wọ́n ṣe sí èyí?"

"Àdá ni tẹ́lẹ̀," ìyá àgbà ní. "Mo gé e kí ọmọ mi má baà rí i fi gé ọ. Mo sì gé e kúrú tó, kí ìwọ náà má baà rí i fi gé ọmọ mi. Koríko ló lè là. Màmá Ẹlẹ́ní ni mo ń gbé e lọ fún."

Ọkùnrin náà dá ọ̀bẹ padà sábẹ́ aṣọ. Ó ní, "Àbúrò ìyá mi ni Màmá Ẹlẹ́ní." Ó yíjú sí àwọn yòókù, ó sọ nǹkan kan tí n kò gbọ́ yé, wọ́n sì fa ìtì igi sẹ́yìn.

A bá Màmá Ẹlẹ́ní lábẹ́ ọ̀rá tí wọ́n ta sórí igi ẹ̀gbà, òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ti rù. Nígbà tó rí ìyá àgbà, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó ń pariwo, ó ń sunkún, ó sì ń bú u pé kí ló dé tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà náà ń bú u padà. Àwọn méjèèjì di mọ́ra wọn nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, ọkọ̀ wa kò ṣófo: edé gbígbẹ ni wọ́n kó sí i fún àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyá àgbà ní, "Wò ó, Tọ́pẹ́, ebi ìhà ibí àti ebi ìhà ọ̀hún, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́."

Ìjà kò parí lọ́jọ́ náà. Ìyá Ọlọ́bẹ kọ́ ló parí rẹ̀. Àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti ìjọba jókòó títí kí àlàáfíà tó dé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ti ń pàdé ní ẹnu odò lójú oòrùn, ọkọ̀ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀, wọ́n ń fi ẹja gba ẹní, wọ́n ń fi gaàrí gba edé. Nígbà tí àwọn àgbààgbà fi máa jókòó sọ̀rọ̀ àlàáfíà, ọjà ti ń ná. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ọjà náà sí nígbà tó yá, ọwọ́ ìhà méjèèjì ló kọ́ ọ.

Ìyá àgbà pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá àgbà ṣáájú rẹ̀ lọ, Màmá Ẹlẹ́ní náà ṣáájú rẹ̀ lọ. Kò ṣàìsàn púpọ̀, agbára rẹ̀ kàn ń lọ sílẹ̀ bí omi tó ń fà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan la jí tí kò jí. Ìyá, bí odò bá wà níbi tí ẹ lọ, kí ó gbé yín jẹ́jẹ́; bí ọ̀rẹ́ yín bá ti so ọkọ̀ dè yín, ẹ jẹun yó kí ẹ tó máa bá ara yín jà.

Ohun tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi ni ọjọ́ ìkẹyìn tó jáde nílé. Ó ní kí Bọ̀dá Akin gbé òun lọ sí ọjà ẹnu odò. Bọ̀dá Akin gbé e wọ inú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. A dé ọjà, àwọn ènìyàn ń wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ti ń kí i ni ariwo ta. Obìnrin wa kan àti obìnrin ìhà kejì kan ń jà sí òpó tí wọn yóò so ọkọ̀ mọ́. Èyí tiwa ń fi èdè tiwọn bú èkejì, èkejì ń fi èdè tiwa dá a lóhùn, èébú náà sì dùn, ó jinlẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń pàtẹ́wọ́. Bọ̀dá Akin fẹ́ dìde lọ là wọ́n. Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ìjà ọjà nìyẹn. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn tó."

Kò pẹ́, obìnrin ìhà kejì bú sẹ́rìn-ín sí èébú kan, ó sún ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì so mọ́ òpó kan náà. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ìyá àgbà ní kí Bọ̀dá Akin pa ẹ́ńjìnnì, kí òun lè máa gbọ́ ohùn wọn lókèèrè. Ó pa á. A jókòó jẹ́ẹ́, a jẹ́ kí omi máa gbé wa lọ sílé.